Àdá Tí Mo Tì Mọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ní àràárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa máa ń mú àdá wá láti ilé láti fi ro àyíká ilé-ìwé. Èmi tí wọ́n ń pè ní Tàntí, tí mo ń kọ orúkọ àwọn tó wá àti àwọn tí kò wá ni mo máa ń gba àdá náà lẹ́nu ọ̀nà títí iṣẹ́ yóò fi bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan, bí iṣẹ́ ti ń lọ lọ́wọ́, ọmọkùnrin kan fi ọmọbìnrin kíláàsì rẹ̀, ọmọ abúlé Akparé, ṣe yẹ̀yẹ́.

"Ṣé aṣọ àbúrò rẹ lo wọ̀ ni? Orúnkún rẹ ń kí wa káàárọ̀."

"Tún un sọ," ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì na àdá sí i.

Mo dé ibẹ̀ kí ọmọkùnrin náà tó tún un sọ. Ọ̀gá ilé-ìwé ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí orúkọ ọmọbìnrin náà bá tún dé orí tábìlì òun, yóò máa lọ sílé pátápátá ni. Nítorí náà n kò mú ẹjọ́ náà lọ bá a; mo gba àdá náà, mo tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì lọ sílé. Mo rò pé mo ti ṣe iṣẹ́ mi.

Ní ọjọ́ Ajé, kò wá. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kò wá. Ẹni tó bá pa ọjọ́ mẹ́ta jẹ, dandan ni kí n gbé orúkọ rẹ̀ fún ọ̀gá. Nígbà tí a jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn, mo fi aṣọ wé àdá náà, mo gun alùpùpù lọ sí Akparé.

Bàbá rẹ̀ ń bó àgbàdo níwájú ilé. Ó wo ẹrù ọwọ́ mi.

"Tàntí, ẹ káàbọ̀. Ṣé ọkọ́ lẹ wá gbà báyìí, ká lè kúkú máa sùn?"

Mo dá àdá náà padà fún un; òun kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Wọ́n ti yá ti aládùúgbò, ọmọ náà yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta ro oko ẹ̀gẹ́ onítọ̀hún dípò rẹ̀. Ó ti ṣe méjì. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gba àdá lọ́wọ́ ọmọ, n kò béèrè rí ohun tí wọ́n ń fi í ṣe nílé.

"Ẹ jẹ́ kó wá sí kíláàsì lọ́la," ni mo wí. "A kì í ní iṣẹ́ lọ́sàn-án Ọjọ́rú. Èmi ni n ó wá ro ti ọ̀la."

"Ẹ̀yin? Pẹ̀lú bàtà yẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ṣùgbọ́n kò kọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọmọ náà dáhùn nígbà tí mo pe orúkọ rẹ̀. Lọ́sàn-án, èmi àti ọmọ náà jọ wà lóko.

"Tàntí, ẹ̀gẹ́ lẹ̀ ń gé o! Koríko ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Ẹ̀yìn ń dùn mí. Mo bi í pé, "Bí ọmọkùnrin yẹn bá tún bú ọ ńkọ́?"

Ó ro ebè kan tán kí ó tó fèsì. "Mi ò mọ̀."

Mo bọ́ sí ebè tó kàn.

Ní ọjọ́ Ẹtì, ó na èèkù àdá sí mi kí n tó béèrè. "Ẹ má gbàgbé o, Tàntí. A ń lọ sóko lọ́la."

Nígbà tí agogo ìjáde dún, mo ti dúró sẹ́nu ọ̀nà, àdá náà lọ́wọ́ mi, mò ń wá ojú rẹ̀ láàárín àwọn ọmọ.