Koríko Ẹ̀yìnkùlé Ìyá Mi

Àwọn tó kọ́kọ́ ṣẹ̀ wá ni káńsù. Nígbà tí wọ́n ṣe títì tó gba ẹ̀gbẹ́ ilé wa ní Ìdèrè kọjá, wọ́n gbẹ́ gọ́tà láti orí òkè wá, wọ́n sì dá a dúró gẹ́lẹ́ níbi tí ẹ̀yìnkùlé ìyá mi ti bẹ̀rẹ̀. Wọn ò gbé e dé odò. Gbogbo omi tí wọ́n kó jọ lókè, ara ilé amọ̀ opó ni wọ́n dà á sí. Lẹ́tà mẹ́ta ni mo kọ. Mo ya àwòrán sí èkejì, mo fi ìwọ̀n sí ẹ̀kẹta. Akọ̀wé kan ló dá mi lóhùn lójúkojú: "Ẹ ṣáà ní sùúrù, alákọ̀wé. Òjò náà á dá."

Kí òjò ọdún kejì tó dá, èèyàn lè ki ọwọ́ bọ abẹ́ ògiri yàrá ìyá mi dé ìgúnpá. Mo ní kí wọ́n wá bá mi gbé n'Ìbàdàn. Wọ́n ní, "Yàrá tí mo ti bí ẹ rèé. Bó bá máa wó, kó wó lójú mi."

Ẹnì kan tá a jọ lọ yunifásítì ló sọ̀rọ̀ koríko kan tó ń jẹ́ fẹ́tífà fún mi. Ojú tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní koríko ọba, àmọ́ ewé tirẹ̀ kò ní òórùn rárá. Gbòǹgbò ló ń ta sánsán. Gbòǹgbò náà kì í tàn kálẹ̀. Ìsàlẹ̀ tààrà ló ń lọ, ó lè jìn ju ìdúró èèyàn lọ, ó sì há mọ́ra débi pé yẹ̀pẹ̀ kì í ráyè kọjá. Mo kó àpò méjì wá. Èmi àti ìyá mi ya ìdí rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, a gé ewé rẹ̀ kúrú, a gbìn ín ní ìlà kan ṣoṣo tó dábùú ìdagẹ̀rẹ́ náà, ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọgbọ́n inú rẹ̀ kò ju kí ìlà náà má ṣe já lọ. Mo sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo tún un sọ.

Lẹ́yìn náà ni mo fọwọ́ ara mi ṣe àṣìṣe. Ìdí kan ṣẹ́ kù tí kò ráyè. Mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo sá a, mo jù ú sínú àmù. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìyá mi bu omi mu, wọ́n tún bu òmíràn. Ó ń rùn bí ilẹ̀ tí òjò àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn.

"Omi yìí ti lọ Mẹ́kà," ni wọ́n wí, "ó ti dé." Kò pẹ́ tí òkìkí omi náà fi kan gbogbo àdúgbò.

Fún ọdún méjì, koríko náà ṣiṣẹ́ rẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń gbé bọ̀ dúró lẹ́yìn ìlà, ihò abẹ́ ògiri dí. Ọdún kẹta ni mo wálé nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, mo sì bá ihò méje nínú ìlà náà.

Ilé Alhaja tó múlé gbè wá ni mo kọ́kọ́ gbà lọ. Gbòǹgbò wa ló ń sá lójú oòrùn.

"Alhaja, ta ló ní kẹ́ ẹ wa koríko yẹn?"

"Ẹ wá wo alákọ̀wé o! Koríko lo torí ẹ̀ ń le ojú báyìí? Ẹ̀gbẹ́ kan ni mo mú, mo sì dá yẹ̀pẹ̀ bò ó. Ṣé mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń wa egbò ni? Ìyá ẹ ló gbé ọkọ́ fún mi."

Òótọ́ ni pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ gbogbo wa: ẹni tó bá wa egbò, kó mú ẹ̀gbẹ́ kan, kó bo èyí tó kù, kí igi má bàa kú. Ìlànà tó dára ni, fún igi. Fẹ́tífà kò ní ẹ̀gbẹ́ kan tó ṣeé mú. Ibi tí ọkọ́ bá ti wọ̀ ọ́, ẹnu ọ̀nà ló ṣí fún omi.

Mo padà sílé, mo bá ìyá mi lórí àga níwájú ilé.

"Ìyá, ògiri yín lẹ ń gbẹ́ fún àwọn èèyàn yìí."

"Kí ẹnì kan wá tọrọ egbò lọ́wọ́ mi, kí n ní kó máa lọ? Bàbá ẹ ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"Mo ti sọ fún yín pé—"

"O sọ ọ́. O wá wọkọ̀, o lọ. Ta ló ń yà sọ́dọ̀ mi kí egbò yìí tó dé? Ní báyìí, ẹni tó bá wá wa egbò á jókòó, á bá mi sọ̀rọ̀."

Mo gbé ọkọ́ lọ sẹ́yìnkùlé. Mo mú ìdí díẹ̀ láti ìparí ìlà láti fi dí àwọn ihò náà, ṣùgbọ́n wọn ò tíì fi gbòǹgbò múlẹ̀ tí òjò ńlá kan fi dé lọ́sàn-án. Omi gba ihò mẹ́ta wọlé. Igun yàrá ìyá mi wó lulẹ̀ lójú gbogbo wa. Alhaja wà níbẹ̀; òun ló bá mi gbé ibùsùn jáde, tó ń sọ pé, "Subuhànálláhì, ṣé koríko lásán ló ń ṣe tó báyìí?"

Ìyá mi gbà láti máa sùn ní pálọ̀. Wọn ò gbà láti lé ẹnikẹ́ni padà. Mo bá rọ yẹ̀pẹ̀ sínú àpò ìrẹsì mẹ́fà, mo tò wọ́n síwájú ilé, mo gbin fẹ́tífà sínú wọn. Ti àlejò nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ egbò, kó ya àpò. Ti ẹ̀yìnkùlé di èèwọ̀, ìyá mi fúnra wọn ló fi ẹnu wọn sọ ọ́ fún Alhaja.

Inú ṣì ń bí mi, ẹ̀tọ́ mi sì ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo to ẹ̀ṣẹ̀ oníkálukú sílẹ̀, mo rí i pé lọ́dún tí wọ́n gbẹ́ ihò méje yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo wálé, mi ò sì sùn mọ́jú ní ìkankan nínú méjèèjì.