Giri Tó Dé Lẹ́yìn Rọpárọsẹ̀

Aṣọ ni mo ń rán lọ́wọ́ nígbà tí àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó fúnra rẹ̀. Mo fi ọwọ́ òsì dì í mú, kò gbà. Ìgbọ̀n náà gun apá mi dé ẹnu. Igbe Sìdíkà, àbúrò mi, ni mo gbọ́ gbẹ̀yìn: "Àǹtí mi, kí ló dé?"

Ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo ti lajú. Mo ti gé ahọ́n mi jẹ, ìtọ̀ ti rin ìró mi. Sìdíkà dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò sún mọ́ mi.

Ọwọ́ yẹn náà ni rọpárọsẹ̀ mú lọ́dún tó kọjá. Sìdíkà kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá láti Òde-Omi nítorí mi. Ó wẹ̀ mí, ó fọ aṣọ ìdí mi, ó ń na ìka mi láràárọ̀ títí mo fi lè di abẹ́rẹ́ mú. Àfi bíi pé ọwọ́ náà dúró kí n gbẹ́kẹ̀ lé e ná, kó tó dà mí.

Ọkọ mi gbé mi lọ sí ọsibítù ní Àgọ́-Ìwòyè. A jókòó sórí bẹ́ǹṣì títí oòrùn fi yí. Dókítà ní ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò dé nínú ọpọlọ mi nígbà náà ti di àpá. Iná mànàmáná tín-tìn-tín ni ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ sí ara. Lẹ́bàá àpá, iná náà lè ṣiṣẹ́ lódì, giri á sì dé. Bó bá ń padà wá, òun ni wárápá.

"Ṣé gbogbo ẹni tí rọpárọsẹ̀ ṣe ló ń ní in?"

"Rárá, Màmá. Àwọn tí àpá wọn tóbi, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ tú sínú ọpọlọ wọn, ló máa ń ṣe jù. Kì í ràn o."

Inú bí mi. Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi nígbà tí wọ́n ní kí n máa lọ sílé?

Nígbà tí a padà délé, Sìdíkà ti kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ. Mo pè é.

"Àǹtí mi, ẹ má bínú. Wọ́n ní itọ́ oníwárápá ń ràn."

Ẹni tí kò kórìíra ìgbẹ́ mi ló wá ń sá fún itọ́ mi.

Oògùn tí dókítà ní kí n máa lò lójoojúmọ́ kọ́kọ́ ń kùn mí lóorun. Nígbà ààwẹ̀, mo fò ó. Giri tún gbé mi ṣubú. Ọkọ mi dá mi dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọsibítù, kò ki ṣíbí bọ̀ mí lẹ́nu. Láti ìgbà náà, n kì í fò ó mọ́, giri kò sì padà.

Sìdíkà wá kí mi nígbà Iléyá. Mo gbé oúnjẹ fún un, ó ní òun ti yó. N kò rọ̀ ọ́.

N kò tíì lè dárí jì í tán. Ara mi pàápàá, ojú ọ̀rẹ́ tó ti dalẹ̀ rí ni mo fi ń wò ó. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ yìí mo fi ọwọ́ ọ̀tún bu omi àlùwàlá, ẹ̀kán kan kò dànù. Mo ní Alihamudulilahi, fún ti òní.