Aró Tí Ìyá Páìpù Kò Dà

Ìyá Páìpù ni gbogbo ìlú ń pe ìyàwó mi. Òun ni ọ̀gá tó ń bójú tó bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ àwọn ògbólógbòó páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí lábẹ́ ìlú. Òun náà ló ń rí i pé wọ́n pa òfin mọ́: omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọdọ̀ dé odò láìkọ́kọ́ gba ibi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ di mímọ́. Bó bá wọlé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà òjò rẹ̀ síta, á ní, "Ẹ má tíì dì mọ́ mi o, Bàbá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ di èèyàn."

Ohun kan wà tí kì í fi ṣeré. Wọn ò gbọdọ̀ bo kòtò páìpù kankan kí wọ́n tó da aró aláwọ̀ ewé sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó so mọ́ ọn. Ẹnì kan á da aró, ẹlòmíràn á dúró ti ihò onídèérí irin láàárín títì. Bí omi aláwọ̀ ewé bá kọjá níbẹ̀, páìpù so dáadáa nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an, ni agbaṣẹ́ṣe tó ri páìpù àdúgbò ilé ẹ̀kọ́. Ó tún ń ṣáájú àdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Bá a bá kúnlẹ̀, èjìká èmi àti òun a máa kan ara wọn. Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ parí, òjò ṣú, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ sì ń fo kòtò náà bí ewúrẹ́.

"Àbúrò mi, jẹ́ ká bò ó, kí ọmọ ọlọ́mọ má bàa kó sí i. Ọlọ́run tí mò ń sìn ló ń gbọ́ mi: ó so."

Ìyàwó mi ní kí wọ́n bò ó. Nígbà tí mo béèrè aró, ó wò mí tìyanu-tìyanu.

"Bí n ò bá gba ẹ̀gbọ́n mi gbọ́, ta ni kí n wá gbà gbọ́?"

Èmi náà fi ọ̀rọ̀ aró sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ti fi Ọlọ́run búra.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyá kan tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò wá bá ìyàwó mi ní ọ́fíìsì. "Ìyá Páìpù, ẹ wá wo páìpù yín o. Ó ti yó, ó ń bì sínú odò."

Ìyàwó mi fúnra rẹ̀ da aró sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ilé ẹ̀kọ́, ó ní kí n bá òun dúró ti ihò títì. Mo wò títí, kò sí omi aláwọ̀ ewé. Ó wá bá mi níbẹ̀. Fóònù rẹ̀ dún, ohùn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ sì dé etí èmi náà: "Yéè! Odò ti di ewé o! Ṣé ẹ̀yin lẹ ṣe èyí?"

Ìyàwó mi jókòó sórí ìdèérí irin náà.

Ẹ̀gbọ́n wá sí pálọ̀ wa nírọ̀lẹ́. Kò jókòó. "Òkúta ni mo bá nísàlẹ̀. Mo wá so ó mọ́ gọ́tà òjò tó ń lọ sódò, mo ní n óò padà wá tún un ṣe."

"Ẹ fi Ọlọ́run búra fún mi, ẹ̀gbọ́n."

"Ọlọ́run mọ ọkàn mi."

"Ọlọ́run mọ ọkàn, odò ló mọ páìpù."

Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó bo òun láṣìírí. Ìyàwó mi ní òun máa sọ ọ́, àti ti aró tí òun alára kò dà.

Nígbà tó dé iwájú ìgbìmọ̀ ìlú lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó ti sọ fún wọn pé àbúrò òun ló pàṣẹ kí òun so ó mọ́ gọ́tà, kí iṣẹ́ lè tètè parí. Aró tí kò dà yẹn gan-an ni wọ́n fi gba ẹ̀gbọ́n gbọ́. Wọ́n ní kí wọ́n hú páìpù àdúgbò náà, wọ́n gba ipò ọ̀gá lọ́wọ́ ìyàwó mi, wọ́n sọ ọ́ di ẹni tó kàn ń da aró láti ilé dé ilé. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ náà ló wà.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ẹ̀gbọ́n tún ṣáájú àdúrà. Mò ń retí kí Ọlọ́run ṣe nǹkan kan, ó kéré tán kó jẹ́ kó wúkọ́. Kò wúkọ́.

Lẹ́yìn ìsìn, ó na ọwọ́ sí ìyàwó mi. "Àbúrò mi, ṣé o ti dárí jì mí?"

"Mo ti dárí jì yín, ẹ̀gbọ́n."

Ojú rẹ̀ tàn.

"Àmọ́ ilé yín ló kàn lọ́la. Ẹ ṣílẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀ dè mí. Mò ń gbé aró bọ̀."

Èmi ò tíì lè dárí jì í. Mo ṣì ń kúnlẹ̀, àmọ́ mo ti pààrọ̀ ìjókòó.