Fọ́tò Èmi àti Kẹ́hìndé

Ṣẹrífà tẹ kọ̀ǹpútà, ó dún “kọ́” lẹ́ẹ̀kan péré, Kẹ́hìndé, ìkejì mi tá a jọ wáyé, sì pòórá nínú fọ́tò. Mo figbe ta. “Yéè! Ibo lo gbé e sí?”

Ṣẹrífà ọmọ-ọmọ mi, tó ń ṣiṣẹ́ fọ́tò ní ṣọ́ọ̀bù kan nílùú Ṣakí níbí, bú sẹ́rìn-ín. “Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Mi ò pa á rẹ́, mo kàn bò ó ni.” Ó ní ìpele-ìpele lòun pín fọ́tò ọ̀hún sí: èmi wà nínú ìpele kan, Kẹ́hìndé wà nínú ìkejì, òun sì ti fi ìbòjú bo ti Kẹ́hìndé. Ó tún nǹkan tẹ̀, Kẹ́hìndé padà wá.

Ìdòwú àbúrò mi ló rán an níṣẹ́. Ó fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ẹbí wa, ó wá ní kí wọ́n yọ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ méjì inú fọ́tò yẹn, nítorí ẹnì kan náà ni wọ́n. Òótọ́ ló sọ, àmọ́ òótọ́ ẹ̀ ò pé. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín, ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tẹ́ ẹ rò pé ọ̀dọ̀ yín ni ìbòjú fọ́tò ti bẹ̀rẹ̀.

Aṣọ kan náà ni ìyá wa máa ń rán fún wa, òrí kan náà la fi ń para. Ìwà wa nìkan ló yàtọ̀. Èmi a máa rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, títí kan àwọn tó ń bú mi. Kẹ́hìndé kì í rẹ́rìn-ín fún ẹnikẹ́ni. Bí àlejò bá ń pè é ní “ọmọ dáadáa”, á yọ àgbọ̀n síta, á máa wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Nígbà tí èéyi wọ ìlú, Kẹ́hìndé wági lọ. Bí a ṣe ń wí i nìyẹn, a kì í sọ pé ìbejì kú. Ó dùn mí, ó sì ń dùn mí dòní.

Kò ní fọ́tò kankan. Àwọn ẹlòmíì a gbẹ́ ère, ṣùgbọ́n ìmàle paraku ni bàbá wa, kò jẹ́ gbọ́ ti ère sétí. Ìyá wa ò bá a jà. Ó fà mí lọ́wọ́, ó di ọ̀dọ̀ Bàbá Onífọ́tò.

Bàbá mọ iṣẹ́ náà, èmi kọ́ ni ìbejì àkọ́kọ́ tó máa yà bẹ́ẹ̀. Ó fi páálí dúdú bo ìdajì ojú kámẹ́rà, ó yà mí lápá òsì. Ó ní kí n wá sún sápá ọ̀tún, kóun bo ìdajì kejì. Ìyá wa ní kó dúró. Ó tú àpò, ó mú aṣọ Kẹ́hìndé jáde.

“Ìyá Ìbejì, aṣọ kan náà ṣáà ni. Ta ló máa mọ̀?”

“Èmi ni. Méjì ni mo bí, méjì lẹ máa yà.”

Mo bọ́ tèmi, mo wọ tiẹ̀. Òórùn ara ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Bàbá ní kí n rẹ́rìn-ín bíi ti àkọ́kọ́. Mo kọ̀ jálẹ̀. Mo yọ àgbọ̀n síta. Ó fi gúgúrú bẹ̀ mí, mo ń wò ó tìkà-tẹ̀gbin. Nígbà tó sú u, ó yà á bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí fọ́tò dé, ilà kan là á láàárín gbọọrọ, nítorí páálí Bàbá ò ṣe rẹ́gí. Ìyá wa ò tiẹ̀ rí ilà. Ó fọwọ́ kan ọmọ apá ọ̀tún, ó ní, “Ọmọ mi rèé,” ó bú sẹ́kún. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló bí Ìdòwú.

Mo gbà pé iṣẹ́ ti yí padà. Bí Bàbá Onífọ́tò bá ṣìṣe, fíìmù ti bàjẹ́ nìyẹn. Ṣẹrífà lè boni, kó ṣíni, kó tún boni, ohunkóhun ò ní ṣe fọ́tò. Ó dára, mo yìn ín. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fi Kẹ́hìndé kọ́ṣẹ́. Mo ní kó pe Ìdòwú wá lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú. Ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì? Wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.”

“Ìdòwú, èṣù lẹ́yìn ìbejì! Tó o bá yọ Kẹ́hìndé, ọmọ kan ṣoṣo ló kù níwájú ẹ. Àwọn ta ni wọ́n wá bí ẹ lé tó o fi ń jẹ́ Ìdòwú? Yáa wá orúkọ mìíì tí wọ́n máa kọ sábẹ́ fọ́tò tìẹ!”

 

“Ẹ jẹ́ kí wọ́n wà níbẹ̀,” ni Ìdòwú wí.

Ṣẹrífà yíjú sí mi, ó ní kí ni kóun kọ sábẹ́ ọmọ apá ọ̀tún.

“Kẹ́hìndé. Kọ ọ́ gàdàgbà.”