Àyè Kan Láàárín Ọ̀já Dúdú

Nígbà tí ọmọbìnrin mi àgbà kú ní Manigri, wọn kò jẹ́ kí n fi ohunkóhun tó jẹ́ tirẹ̀ pamọ́. Òkú ọ̀fọ̀ ni. Ìyá kì í jogún ọmọ. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin di gbogbo aṣọ rẹ̀, ó kó wọn lọ fún àwọn ènìyàn ní Doguè. Àpò àgékù aṣọ tó wà lábẹ́ maṣíìnì nìkan ni kò rí. Iṣẹ́ aṣọ rírán ni ọmọ náà ń kọ́.

Mo fẹ́ fi àwọn àgékù náà rán aṣọ ìbora kan, kí n ṣáà ní nǹkan tí ọwọ́ rẹ̀ ti kàn. Mo kọ́kọ́ rán wọn mọ́ ara wọn lásán. Wọn kò dọ́gba, wọ́n ń fa ara wọn, gbogbo rẹ̀ sì lọ́. Mo tú wọn. Mo ra aṣọ pópílìn dúdú ní ọjà Bassila, mo gé e ní ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tó dọ́gba, mo sì fi yí ègé kọ̀ọ̀kan ká. Ìgbà yẹn ni wọ́n tó jókòó jẹ́ẹ́. Ní ti ọ̀já fífẹ̀ tó gba etí aṣọ náà, àárín aṣọ ni mo ti wọn gígùn rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́, nítorí ẹ̀gbẹ́ máa ń nà.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi bá a lórí okùn tí mo sá a sí.

"Ìyàwó, o ti di aránṣọ! Ta lo fẹ́ fi bò? Àbí o ti rí ọkọ tuntun?"

"Àgékù aṣọ àwọn oníbàárà ni, Ìyá."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ń fi ìka tọ ọ̀já náà láti ègé dé ègé, títí ó fi kan ọ̀kan tó jẹ́ kakí. Ẹ̀rín náà tán.

"Oníbàárà wo ló ń wọ kakí ilé ìwé?"

Aṣọ ilé ìwé ọmọ mi ni, èyí tó ti fún un jù. Òun fúnra rẹ̀ ló gé e láti fi kọ́ṣẹ́.

"Tú u kúrò. Ọmọ ṣì kù nínú ilé yìí. Ṣé o fẹ́ kí èyí tó lọ padà wá mú wọn ni?"

Mo fi abẹ tú u lójú rẹ̀. Ó ká ègé náà, ó fi há ẹ̀gbẹ́ ìró rẹ̀, ó lọ.

Ihò ṣẹ́kù láàárín àwọn ọ̀já. Pópílìn dúdú nìkan ni mo ní tó lè dí i, mo sì fi dí i. Ojú kò lè mọ ibi tí ọ̀já parí sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn àbúrò rẹ̀ ló ń fi aṣọ náà bora. Wọn kò mọ nǹkan kan. Láràárọ̀, tí mo bá ń ká a, ọwọ́ mi a máa wá ojú ìrán ibẹ̀ kiri títí yóò fi rí i. Kò sí nǹkan nínú rẹ̀.