Ìkòkò Tábà Tòkunbọ̀

Òórùn tó bú jáde nínú ìkòkò tábà náà nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e símú, mo ṣì ń rántí rẹ̀ dòní. Abẹ́ bíríìjì Ṣàngó ni mo ti rí i, láàárín àwọn ẹrù tòkunbọ̀ tí ọkùnrin kan tẹ́ sílẹ̀. Igi ni wọ́n fi gbẹ́ orí tí wọ́n ń kó tábà sí, ọ̀pá dúdú kan ló wà níbi ẹnu, ìdọ̀tí sì ti dí ihò rẹ̀ pa. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé láti ná an.

Ìyá bàbá mi ni mo rà á fún. A mú wọn wá sílé wa ní Ìjòkó láti ìlú wa lápá Ọ̀yọ́, orí ìkòkò tábà alámọ̀ wọn sì fọ́ lójú ọ̀nà. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀rín tán lẹ́nu ìyá àgbà, ìtàn tán. Adìyẹ bà lókùn ni ọ̀rọ̀ wa: ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Wọ́n ti di ẹrù wọn, wọ́n ní bí Sátidé bá ti mọ́, àwọn ń lọ sílé. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà, n kò fẹ́ kí wọ́n lọ rárá, nítorí kò sẹ́ni tó kù nílé tí yóò bá wọn gbé.

Bí mo ṣe ti ilé-iṣẹ́ ike tí mo ti ń ṣiṣẹ́ dé lọ́jọ́ Ẹtì, aṣọ iṣẹ́ ni mo fi jókòó tì í. Mo fa ọ̀pá yọ, mo wé òwú mọ́ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo rì í sínú sípíríìtì, mo tì í wọ inú ihò. Ohun tó jáde dúdú bí ọ̀dà! Mo tún tì í, ó tún dúdú. Mo fi sánpépà ha inú orí rẹ̀, mo fi òróró pa ara igi náà, ni ilà inú igi bá yọ, ó pupa dáadáa. Mo pariwo, ìyàwó mi sáré jáde.

Ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, “Bàbá Arúgbó, ṣé ẹ ti fẹ́ máa mu tábà ni?”

Ọ̀pá yẹn gan-an ni mo lo gbogbo ọgbọ́n mi lé lórí. Ọṣẹ ìfọyín ni mo fi fọ̀ ọ́, mo sì nù ún títí mo fi ń rí ojú ara mi nínú rẹ̀. Mo ti ń ro bí ìyá àgbà yóò ṣe kì mí.

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún wọn. Wọ́n yí i sọ́tùn-ún, wọ́n yí i sósì.

“Ọkọ mi, ẹnu ta ni èyí ti wà rí?”

“Tòkunbọ̀ ni, Ìyá. Ẹnì kan lókè òkun ni.”

“Orí rẹ̀ dáa, iná á tún un fọ̀. Ṣùgbọ́n mi ò lè fi ẹnu mi síbi tí ẹnu ẹni tí mi ò mọ̀ ti wà.”

Wọ́n fa ọ̀pá dídán mi yọ, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ni wọ́n bá tú etí ìró wọn, wọ́n yọ ọ̀pá igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eyín ti jẹ lẹ́nu: ọ̀pá ìkòkò wọn tó fọ́! Wọ́n ti fi pamọ́ láti ọjọ́ náà. Wọ́n fi ọ̀bẹ fá ìdí rẹ̀ díẹ̀, wọ́n tì í bọ orí tí mo tún ṣe, ó sì wọlé ṣinṣin. Bí wọ́n ṣe gbé e sẹ́nu, ó bọ́ sí àlàfo eyín wọn gẹ́lẹ́. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́: ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Èéfín rú, ìyá àgbà rẹ́rìn-ín.

“Tábà tó wà nínú àpò mi ò lè dé ọjọ́ Ajé,” ni wọ́n wí. “Ibo ni wọ́n ti ń tà á ní Ṣàngó yìí?”

Mo fò sókè bí ọmọ kékeré.

Ọ̀pá dídán yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ń nù ún, mo máa ń rín ara mi rín. Ibi tí mo fọ̀ jù lọ ni wọn ò lò, síbẹ̀ wọ́n bá wa gbé títí ọlọ́jọ́ fi dé.