Iṣu Inú Búùtù

Òórùn erùpẹ̀ iṣu nínú búùtù mọ́tò mi ló tún bí mi nínú lánàá; ó rán mi létí mọ́tò Bàbá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ní ìlú Èrìjìyàn, ìyá bàbá mi di iṣu kún búùtù wa. "Uṣu rẹ rèé, ọmọ mi." Ta ni yóò kọ̀ fún un? Bí Bàbá ṣe tẹ iná lọ́nà Àrámọ̀kọ, ìdí mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í jù síhìn-ín sọ́hùn-ún. Mo di àga mú pinpin.

Bàbá kọ́kọ́ já iṣu sílé kí a tó wa mọ́tò lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì, kí ìyẹn má baà tọrọ níbẹ̀. Mẹkáníìkì sáré wà á lọ, ó wà á bọ̀.

"Tísà, kò ṣe nǹkan kan."

"Mo ní ó ń jù!" Bàbá fèsì.

Ìwúwo iṣu yẹn ni, èmi náà kò sì mọ̀ nígbà náà.

Bàbá fi ìbínú ta mọ́tò náà fún tísà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan tí ìyá tirẹ̀ ti kú. Ìdí mọ́tò náà kò jù lọ́wọ́ ìyẹn rí.